Owó bébà inú àpótí màmá àgbà: kí la kọ́kọ́ ṣe sí i?

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà ibí. Àpótí onírin kan ló jáde lábẹ́ ibùsùn màmá àgbà ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Owó bébà ló kún inú rẹ̀. Òmíràn ká róbótó, òwú ni wọ́n fi dì í. Òmíràn wà nínú rọ́bà. Òmíràn ní pín-ìnì tó ti dógùn-ún lára. Ṣílè wà níbẹ̀, pọ́n-ùn wà níbẹ̀, náírà oríṣiríṣi wà níbẹ̀, ti Biafra méjì náà wà níbẹ̀. Káńfọ̀ pọ̀ láàárín wọn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ti bu. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti gbé áyọ́ọ̀nù, ó ní ká lọ̀ wọ́n kí wọ́n lè tẹ́. Ṣé ká lọ̀ wọ́n?

Oníwèé Ìpẹru

Àbúrò, ẹ gba áyọ́ọ̀nù yẹn lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n yín ná, ká tó máa sọ̀rọ̀.

Ẹ mú èyí tó le jù nínú àwọn pọ́n-ùn yẹn, kí ẹ fi èékánná gba ojú rẹ̀ kọjá jẹ́jẹ́. Ẹ máa mọ̀ ọ́n lára pé orúkọ báǹkì àti àwọn ìlà inú àwòrán yọ sókè díẹ̀. Ẹ̀rọ tó fi agbára tẹ bébà mọ́ irin tí wọ́n fín ló gbé íǹkì yẹn yọ bẹ́ẹ̀. Áyọ́ọ̀nù á tẹ̀ ẹ́ rì. Ìṣẹ́po tí ẹ tìtorí ẹ̀ lọ̀ ọ́ kò sì ní lọ, torí fọ́nrán bébà tó ti ṣẹ́ kì í jinná. Ẹni tó mọ owó á tan tọ́ọ̀ṣì, á dá a dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó náà, ìlà gbogbo á hàn kedere. Ó parí nìyẹn: owó tí wọ́n lọ̀ ni, kò sẹ́ni tó máa fi tirẹ̀ tó dáa pààrọ̀ rẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ẹ fọ ọwọ́, ẹ nù ún gbẹ, ẹ má fi ìpara sí i. Ẹ pa fáànù. Ẹ tẹ́ aṣọ funfun tó mọ́ sórí tábìlì. Ẹ ṣa gbogbo káńfọ̀ dànù: òórùn rẹ̀ máa ń wọ bébà lára, kì í tètè jáde, ó sì máa ń yọ́ àwọn ọ̀rá kan débi tí wọ́n á lẹ̀ mọ́ owó. Ẹ ya fọ́tò gbogbo rẹ̀ bó ṣe wà, ojú àti ẹ̀yìn, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà èyí tó bá hàn sínú ìwé. Lẹ́yìn náà, ẹ pín in. Èyí tó bu, ẹ kó o sínú àpò ìwé tirẹ̀, kí ẹ gbé e jìnnà sí ìyókù. Onípín-ìnì lọ́tọ̀, èyí tó ká lọ́tọ̀, èyí tó tẹ́ lọ́tọ̀.

Ẹ má fa pín-ìnì yẹn. Ìpatà ti so ó pọ̀ mọ́ bébà. Tí ẹ bá fà á, á bá ihò ńlá lọ. Ẹ gé ike tẹ́ẹ́rẹ́ lára fáìlì, kí ẹ tì í bọ abẹ́ ẹsẹ̀ pín-ìnì láti ẹ̀yìn. Orí ike yẹn ni kí ẹ ti fi ọ̀bẹ kékeré tí kò mú gbé ẹsẹ̀ méjèèjì dìde títí wọ́n á fi dúró ṣánṣán. Ẹ wá yí owó padà, kí ẹ yọ pín-ìnì láti ojú. Rọ́bà tó ti yọ́ mọ́ owó, sísọ́ọ̀sì ni kí ẹ fi gé e níbi tí kò ti kan bébà. Ẹ jẹ́ kí èyí tó lẹ̀ gbẹ dáadáa, èékánná á ṣí i. Kí kẹrosíìnì má dé ibẹ̀ rárá.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ ṣeun gan-an, sà. Ẹnì kan ládùúgbò ní ká fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa ojú ìpatà yẹn, pé bí wọ́n ṣe ń bọ́ ọ lára aṣọ funfun nìyẹn.

Ìyá Ìkẹ́nnẹ́

Ọsàn wẹ́wẹ́ kẹ̀! Aṣọ lẹ lè bu omi ṣàn lẹ́yìn náà kí kíkan rẹ̀ bá omi lọ. Inú bébà ló máa jókòó sí. Á jẹ ìpatà, á sì jẹ bébà mọ́ ọn. Lónìí ẹ máa rí i pé ojú ibẹ̀ mọ́. Tó bá pẹ́ díẹ̀, á pọ́n, á wá máa rún bí èèpo ẹ̀pà. Ẹ fi ìpatà sílẹ̀. Àbàwọ́n obì náà, ẹ fi í sílẹ̀. Owó tó bá ti gba ọwọ́ àwọn olóbì Ṣágámù kọjá máa ń ní pípọ́n bíi ti osùn létí, kò sí oògùn tó ń bọ́ ọ tí kò ní bọ́ íǹkì mọ́ ọn.

Ọṣẹ náà ńkọ́? Ọṣẹ oníyẹ̀fun tí a fi ń fọṣọ ní èròjà tó ń mú kí funfun tàn. Bébà owó gidi kì í tàn lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì UV tí àwọn oníbáǹkì fi ń yẹ owó wò. Dúdú ló máa ń rí, àfi àwọn àmì tí wọ́n dìídì tẹ̀ síbẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo ara rẹ̀ á máa tàn búlúù bí ṣẹ́ẹ̀tì funfun lábẹ́ iná pátì. Tọ́ọ̀ṣì kékeré á tú àṣírí yín.

Sítáàṣì ló burú jù. Àwọn kan ń rẹ owó tó ti rọ sínú sítáàṣì bí ẹni fẹ́ wọ agbádá ní Ojúde Ọba. Ó máa le lóòótọ́, ṣùgbọ́n líle tí kò ní ìta ni: ẹ tẹ igun rẹ̀ díẹ̀, kò ní ta padà. Ẹ tún ti se oúnjẹ fún aáyán nìyẹn.

Aláàtẹ Ṣágámù

Ẹ jẹ́ n sọ ti èyí tó ká, torí ibẹ̀ ni owó púpọ̀ ti ń fọ́. Bébà tó ti ká fún ọgbọ̀n ọdún ti gbẹ bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá fi agbára tú u, á kán lójú ibi tó ti ká, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Ọ̀rinrin ló máa rọ̀ ọ́, kì í ṣe omi.

Ẹ wá abọ́ ike ńlá tó ní ìdérí. Ẹ tẹ́ aṣọ tó tutù, tí ẹ ti fún dáadáa tí kò kán mọ́, sí ìsàlẹ̀. Ẹ gbé asẹ́ ike lé nǹkan lórí rẹ̀, kó fi bí ìka mẹ́rin jìnnà sí aṣọ. Orí asẹ́ ni owó máa wà. Ẹ dé e. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò ní wákàtí wákàtí. Láàárín wákàtí méjì sí mẹ́rin, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí fúnra rẹ̀. Tó bá ti rọ̀, ẹ tú u pẹ̀lú ìka méjì, ẹ tẹ́ ẹ sáàárín bébà funfun méjì tó ń fa omi, tí kò sí ìkọ̀wé lára wọn, kí ẹ gbé gíláàsì lé e, kí ẹ gbé ìwé wíwúwo lé gíláàsì. Ẹ pààrọ̀ bébà funfun yẹn lọ́jọ́ kejì. Ó tó bí ọ̀sẹ̀ kan kó tó jókòó.

Mẹ́ta ni ohun tó máa ń bà á jẹ́. Ìkíní, kí aṣọ kan owó: íǹkì sítáǹpù báǹkì á ṣàn. Ìkejì, kí ẹ gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ mọ́jú: yóò bu. Ìkẹta, kí ẹ ki èyí tó ti bu tẹ́lẹ̀ bọ̀ ọ́.

Tó bá jẹ́ oṣù Agẹmọ lẹ ń ṣe é, ẹ ò nílò abọ́ rárá. Òjò ti rọ ojú ọjọ́ Ìjẹ̀bú tó. Ẹ fi owó sílẹ̀ lórí asẹ́ nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ ṣí ní alẹ́ kan, ẹ máa bá a ní rírọ̀ láàárọ̀.

Owó tó tẹ́ tí kò sì ní ìṣẹ́po, ẹ má ṣe èyíkéyìí nínú èyí fún un.

Ìyá Ìkẹ́nnẹ́

Èyí tó bu: ẹ má sá a sóòrùn. Oòrùn á pa ewú lóòótọ́, á sì ṣí àwọ̀. Ìbòjì tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí ni kí ẹ tẹ́ ẹ sí títí á fi gbẹ. Nígbà tó bá gbẹ tán, ẹ bo imú, ẹ jáde síta, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a láti àárín lọ sí etí. Tí ẹ bá fi ọwọ́ tàbí aṣọ tútù nù ún, ẹ̀ ń rì í mọ́ inú ni. Àmì dúdú rẹ̀ á kù, ẹ fara mọ́ ọn.

Ti kòkòrò: tí ẹ bá rí i pé etí owó ti di wíwó tí ojú bébà sì fẹ́lẹ́ láwọn ibì kan, kòkòrò pẹlẹbẹ aláwọ̀ fàdákà tó ń jẹ ìwé ni. Ẹ kó owó sínú ọ̀rá tó ń dé pa, ẹ fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ẹ gbé e sínú fírísà tó tutù dé nǹkan bíi ìwọ̀n Celsius 18 sí 20 lábẹ́ òdo, fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Iná wa tí ẹ mọ̀ yìí ni ìṣòro. Tí fírísà bá ń yọ́ tó ń dì, ẹyin kòkòrò lè má kú, nítorí náà ẹ bẹ ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ tàbí kí ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Tí ẹ bá yọ ọ́, ẹ má ṣí ọ̀rá náà fún odindi ọjọ́ kan. Ẹ wo ìgò míńírà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú fíríìjì bó ṣe ń làágùn. Bí owó yín ṣe máa làágùn nìyẹn tí ẹ bá yára ṣí i.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó

Ó ti yé mi. Báwo la ṣe máa mọ ọdún èyí tí kò ní déètì? Ẹ sì bá mi wo èyí: náírà 10 Alvan Ikoku. Ìṣẹ́po mẹ́ta lóòró, ọ̀kan ní ìbú. Igun kan ti tẹ̀. Ihò pín-ìnì méjì wà lápá òsì. Kò ya níbì kankan, ó sì ṣì ń dún pàràpàrà tí mo bá mì ín. Kí ni gíréèdì rẹ̀?

Aláàtẹ Ṣágámù

F (Fine) ni. Ihò méjì kì í ṣe kékeré.

Olùwòye Òde

Ẹ má bínú, bọ̀dá Aláàtẹ, VF (Very Fine) ni mo kà á sí. Ìwọ̀n tí ẹgbẹ́ àwọn olùkó-owó-bébà àgbáyé, IBNS, ń lò láti òkè dé ìsàlẹ̀ ni UNC (Uncirculated, èyí tí wọn kò tíì ná), AU (About Uncirculated), EF (Extremely Fine), VF, F, VG (Very Good), G (Good), Fair, Poor. UNC kò ní ìṣẹ́po kankan, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú. AU lè ní ìṣẹ́po fẹ́lẹ́ kan láàárín, tàbí kí igun rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀ níbi tí akáwó báǹkì ti kà á, kò gbọdọ̀ ní méjèèjì. EF lè ní ìṣẹ́po fẹ́lẹ́ mẹ́ta, ó tán, tàbí ọ̀kan ṣoṣo tó jinlẹ̀. Ti àbúrò yìí jẹ́ mẹ́rin, nítorí náà kò lè jẹ́ EF láéláé, bó ti wù kó dún tó.

Ohun tó ya VF sọ́tọ̀ sí F ni ara bébà fúnra rẹ̀. VF ti ká lóòró, ó ti ká ní ìbú, ó dọ̀tí díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì le. F ti lo ọjọ́ nínú pọ́ọ̀sì: ìṣẹ́po pọ̀, ó ti wú, ó ti ń rọ, etí rẹ̀ lè ya díẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí yíya náà kò bá wọ inú àwòrán. VG ti rọ bí ewé gbúre tí wọ́n bọ̀ lómi gbígbóná, igun rẹ̀ ti róbótó, ihò lè wà láàárín níbi tí ìṣẹ́po méjì ti pàdé. Láti G lọ sísàlẹ̀, ẹ máa kó o jọ tó bá jẹ́ pé òun nìkan lẹ lè rí.

Ihò pín-ìnì ńkọ́? Báǹkì wa fi pín-ìnì so ìdì owó lápá kan títí ó fi di àṣà, owó tuntun gan-an ń ti báǹkì jáde pẹ̀lú ihò. Ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gíréèdì: "VF, ihò pín-ìnì méjì". Ẹ má fi í pamọ́, ẹ má sì torí rẹ̀ já a sí F.

Aláàtẹ Ṣágámù

Mo gbà, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ti kọ ọ́. Àwọn tí kì í kọ ọ́ ló ń bí mi nínú.

Olùwòye Òde

Èmi náà. Ẹ má sì jẹ́ kí nọ́ńbà 1 sí 70 tí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń yẹ owó wò, bíi PMG, ń fún owó dẹ́rù bà yín, ọ̀nà kan náà ni: 65 jẹ́ UNC tó dáńgájíá, 20 sí 35 jẹ́ VF. EPQ tí wọ́n ń kọ mọ́ ọn túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni kò tíì fọ bébà rẹ̀, kò lọ̀ ọ́, kò lẹ̀ ẹ́.

Akọ̀wé Òkè-Ajé

Ti ọdún. Èyí tí wọ́n kọ West African Currency Board sí, owó tí àwa, Gánà, Sierra Leone àti Gambia jọ ná nígbà òyìnbó ni. 1912 ni wọ́n dá Board náà sílẹ̀, owó bébà rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní 1916. Déètì wà lára rẹ̀. Tí ẹ bá rí ṣílè 100 ti ọdún 1953 sókè láàárín wọn, ẹ rọra, kò wọ́pọ̀ bíi ṣílè 10 àti 20.

Báǹkì Àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ná tirẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù keje 1959: ṣílè 5, ṣílè 10, pọ́n-ùn 1, pọ́n-ùn 5. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹsàn-án 1958 ni déètì tó wà lára wọn, ẹ má jẹ́ kó rú yín lójú. Wọ́n pààrọ̀ wọn ní 1968 nítorí ogun. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973 ni náírà dé, náírà 2 fún pọ́n-ùn 1: kọ́bọ̀ 50, náírà 1, 5 àti 10. Náírà 20 ti Murtala dé ní 1977. Ní 1979 ni Macaulay, Balewa àti Ikoku bọ́ sórí náírà 1, 5 àti 10. Ní 1984, ìjọba yí àwọ̀ gbogbo rẹ̀ padà, àfi kọ́bọ̀ 50.

Nítorí náà kọ́bọ̀ 50 ló ń da ènìyàn láàmú jù: kò ní déètì, kò yí àwọ̀. Ìbuwọ́lùwé gómìnà báǹkì nìkan ló ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Clement Isong dé 1975, Adamu Ciroma láti 1975 sí 1977, Ola Vincent láti 1977 sí 1982, Abdulkadir Ahmed láti 1982 sí 1993. Awò tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po mẹ́wàá ti tó láti kà á. Ẹ máa fi awò yẹn kan náà wo ìlà àwòrán: ti owó gidi jẹ́ ìlà kan tí kò já, ti ayédèrú tí wọ́n fi ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tẹ̀ jẹ́ ẹ̀kán kéékèèké aláwọ̀ oríṣiríṣi.

Ẹ wo lẹ́tà iwájú nọ́ńbà náírà wọ̀nyẹn. Tó bá jẹ́ DZ, àrọ́pò ni, èyí tí wọ́n fi dípò owó tó bàjẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ ya á sọ́tọ̀. Ti Biafra, pọ́n-ùn 1 pọ̀ lọ jàra, tuntun rẹ̀ pàápàá pọ̀, kó má gba àyè ju bó ti yẹ lọ nínú ọkàn yín.

Aláàtẹ Ṣágámù

Lórí ayédèrú, ẹ̀yin ará Òde, ẹ ṣáà mọ̀ pé ayédèrú owó ni wọ́n ń pè ní "owó Ìjẹ̀bú" nígbà òyìnbó.

Akọ̀wé Òkè-Ajé

A gbọ́. Ṣágámù náà gba àyè tirẹ̀ níbẹ̀.

Olùwòye Òde

Ọ̀rọ̀ òfin, kí ẹnikẹ́ni tó gbé àtẹ. Abala 21 Òfin Báǹkì Àpapọ̀ ti 2007 sọ pé ẹni tó bá kọ nǹkan sára náírà, tó ya á, tó lù ú ní pín-ìnì, tó ń fi ná ènìyàn lójú agbo tàbí tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà ni, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní náírà 50,000, tàbí méjèèjì. Abala yẹn kan náà ka títa náírà sí ẹ̀ṣẹ̀, ó sì dárúkọ "owó mìíràn tí Báǹkì bá tẹ̀ jáde". Nítorí náà, pàṣípààrọ̀ láàárín ara wa ni ọ̀nà tó rọrùn jù, kí ẹ sì bi lọ́yà kí ẹ tó ta ohunkóhun tí Báǹkì Àpapọ̀ tẹ̀. Ti Board àti ti Biafra kò ti ọ̀dọ̀ Báǹkì wá. Àwọn fídíò tó ń sọ pé kọ́bọ̀ 50 kan á sọ yín di olówó, ẹ fò wọ́n.

Oníwèé Ìpẹru

Ibi ìpamọ́ ló kù. Ẹ má laminéètì owó kankan. Iná rẹ̀ àti gọ́ọ̀mù rẹ̀ kì í jẹ́ kó padà. Ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ ibi tó ya; gọ́ọ̀mù rẹ̀ á wọ bébà, á pọ́n, á sì máa tàn kálẹ̀ nígbà tí téèpù fúnra rẹ̀ ti bọ́.

Àpò ọ̀rá Mylar tàbí polypropylene ni kí ẹ wá, owó kan nínú àpò kan, kí ẹnu àpò ṣí lápá kan. Álíbọ́ọ̀mù fọ́tò tó ń rùn bíi bọ́ọ̀lù ike tuntun, PVC nìyẹn, á làágùn òróró sára owó. Tí kò bá dá yín lójú, ẹ gé díẹ̀ lára ọ̀rá náà, kí ẹ jáde síta. Ẹ mú wáyà kọ́pà ìhòòhò, ẹ fi púláyà dì í mú, ẹ mú un pọ́n nínú iná, ẹ fi kan ọ̀rá, kí ẹ dá a padà sínú iná. Tí iná bá tan àwọ̀ ewé, PVC ni. Ẹ má fa èéfín rẹ̀ símú.

Ẹ kó àwọn àpò náà sínú kúlà ike tó dé pa, bíi ti lítà márùn-ún, pẹ̀lú sílíkà jẹ́ẹ̀lì nǹkan bíi gíráàmù 50 nínú àpò aṣọ, kí sílíkà má fara kan owó. Ẹ fi mítà ọ̀rinrin kékeré sí i. 40 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹ fẹ́ rí. Tó bá kọjá 65, ewú á bẹ̀rẹ̀. Tó bá wá sí abẹ́ 30 lásìkò ọyẹ́, ẹ yọ sílíkà kúrò fúngbà díẹ̀, torí bébà á gbẹ débi pé á máa kán. Ẹ má fi ìrẹsì dípò sílíkà, kòkòrò inú rẹ̀ á rí oúnjẹ méjì. Sílíkà aláwọ̀ ọsàn máa ń di àwọ̀ ewé tó bá ti kún. Ẹ yan án nínú ófùnù ní 120 fún wákàtí méjì, á padà. Èyí tó jẹ́ búlúù, ẹ má yan án nínú ohun tí ẹ fi ń se oúnjẹ.

Kúlà náà kò gbọdọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò gbọdọ̀ fara ti ògiri tí òjò ń nà, kò sì gbọdọ̀ wà lórí fíríìjì. Abẹ́ ibùsùn ti ṣe tirẹ̀. Ẹ máa ṣí i wò ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Owó ọlọ́rá, bíi náírà 20 ti 2007, kò ní ìṣòro ọ̀rinrin, ṣùgbọ́n ooru máa ń sún un kì, íǹkì rẹ̀ sì máa ń ṣí lójú ìṣẹ́po. Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Ìkan ló kù: náírà 100 Awólọ́wọ̀, 1999 ló wà lára rẹ̀, ó dà bí tuntun.

Ìyá Ìkẹ́nnẹ́

Ọmọ ìlú wa ni, ẹ tọ́jú ẹ̀. Ọdún tó kọ́kọ́ jáde nìyẹn. Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n: mìlímítà 151 ní gígùn, 78 ní ìbú. Tó bá dín, ẹnì kan ti gé etí rẹ̀ láti pa ìdọ̀tí tàbí yíya mọ́, kò sì ní jẹ́ UNC mọ́. Ẹ wò ó lábẹ́ UV, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wò ó láti ẹ̀gbẹ́ fún ìṣẹ́po. Gíréèdì, nọ́ńbà àti ibi tí ẹ ti rí i, ara ìwé pélébé tó máa bá a gbé ni kí ẹ kọ wọ́n sí. Pẹ́ńsùlù rírọ̀ ni kí ẹ lò, kì í ṣe báírò, kí ẹ sì kọ ọ́ tán kí owó tó wọ inú àpò, kí ojú ìkọ̀wé má baà yọ sára rẹ̀.